Òdòdó Inú Òróró Àdúrà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta lọ́fíndà ní ọjà Wuse, òórùn kan sì dá mi dúró. Lójú ẹsẹ̀, mo padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní abúlé Ushafa.

Ẹ̀yin àbúrò mi, igi kan wà lẹ́yìn ilé wa ní nǹkan bí ọdún 2011. Òdòdó rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀ wálẹ̀ bí ìka arúgbó, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òórùn rẹ̀ a gba ojú fèrèsé wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Bàbá mi sọ pé inú òdòdó náà ni wọ́n ti ń fún òróró lọ́fíndà. Ọ̀rọ̀ yẹn kó sí mi lórí. Mo rún òdòdó mẹ́fà sínú ìgò òróró àdúrà Màmá, èyí tí pásítọ̀ ti gbàdúrà sí. Lọ́jọ́ kẹta, mo sẹ́ ẹ, mo sì dá ìgò padà sáyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin ni ara àbúrò mi, Dàyọ̀, gbóná. Nígbà tó fi di ọ̀sán, kò dá mi mọ̀ mọ́. Màmá ti pe tákísí tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù ní Bwari, ó ní kí òun kọ́kọ́ fi òróró pa á lórí. Bó ṣe ṣí ìgò, òórùn òdòdó gba gbogbo yàrá.

"Jésù!" Màmá kúnlẹ̀.

Màmá Bùkọ́lá, aládùúgbò tó wá bá a gbàdúrà, pariwo: "Kai! Áńgẹ́lì ti kọjá níbí! Sista, kí lẹ tún fẹ́ lọ ṣe ní ọsibítù? Ó ti parí! Ẹ ní kí tákísí yẹn máa lọ o!"

Orin bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Dàyọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, pàṣán ń dúró dè mí. Mo gbọ́ tí awakọ̀ ṣíná ọkọ̀, ó fẹ́ máa lọ.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó lọ! Kì í ṣe áńgẹ́lì o. Èmi ni mo fi òdòdó sí i."

Orin dá. "Ọmọ yìí," ni Màmá Bùkọ́lá wí, "Ẹ̀mí Mímọ́ lo ń bá ṣeré?"

 Màmá wo ojú mi, ó gbé Dàyọ̀ kọ́ èjìká, ó sì sáré jáde, ó ń lu ẹ̀yìn ọkọ̀ kó dúró.

Dókítà ní ibà náà ti ń gun orí. Ká ní wọ́n pẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ọlọ́run ṣeun. Pàṣán tí mo ń retí kò wá. Kàkà bẹ́ẹ̀, Màmá ní kí n ṣáájú àdúrà ìdúpẹ́, ẹkún ni mo sì sun dípò rẹ̀.

Wọ́n ti gé igi náà, ilé ti bo àdúgbò. Dàyọ̀ ti ga jù mí lọ. Màmá ò tíì fi òróró àdúrà sílẹ̀, èmi náà ò sì jẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, bí ara ọmọ bá gbóná, ojú ọ̀nà ọsibítù la ti ń ṣe Àmín.