Ọjọ́ Kẹsàn-án Oṣù Kẹta nínú Ìwé Bàbá Turdakun

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò kọ nǹkan kan sí ọjọ́ yìí?”

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo bi Bàbá Turdakun ní ìbéèrè yẹn. Èmi kì í sábà béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìtìjú kì í jẹ́ kí ohùn mi jáde. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ àtijọ́ kan ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, ojú mi kò sì kúrò lára àyè tó ṣófo náà.

Òun ló ń ṣọ́ ibùdó tí wọ́n ti ń wọn yìnyín àti ojú ọjọ́ lórí òkè abúlé wa, ní Narin. Láràárọ̀, ní aago mẹ́jọ, á ka òpó mẹ́ta tí yìnyín bò dé àyà, á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, á sì fi redio kà á fún àwọn ará olú-ìlú. Iye yẹn ni wọ́n fi ń mọ bí omi odò yóò ṣe pọ̀ tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é.

Gbogbo ọmọ abúlé ló mọ òfin pápá òpó: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ yìnyín tó wà nínú okùn tó yí i ká. Bàbá Turdakun fúnra rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ àná ló ń tẹ̀ wọlé, òun náà ló ń tẹ̀ jáde, nítorí yìnyín tí wọ́n bá ti tẹ̀ kì í sọ òótọ́ mọ́. Ẹni tó bá ń lọ sí ibùdó, ọ̀nà àfonífojì ló ń gbà yí pápá náà ká. Wọ́n ní láyé ọjọ́un, bí Bàbá bá bá ọ nínú okùn, igbe rẹ̀ á dé etí odò.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bi í ní ìbéèrè yẹn, èmi àti bàbá mi fi ẹṣin gbé èédú àti ìyẹ̀fun lọ fún un. Kùrukùru bo okùn. Mo ti rìn dé àárín pápá kí n tó mọ̀. Mo fẹ́ yí padà.

“Máa bọ̀ tààrà,” ni Bàbá Turdakun wí láti ẹnu ọ̀nà, jẹ́jẹ́. “Má yí padà.”

“Mo ti ba pápá yín jẹ́, Bàbá.”

“Yìnyín á tún rọ̀. Ṣá máa bọ̀.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ fi ọ̀pá lé jáde níbẹ̀ yẹn rí. Ṣé ogbó ló wá sọ yín di oníwà tútù?”

“Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ tóbi ju ti ẹṣin rẹ lọ? Wọlé wá mu tíì, kó o sinmi ariwo.”

Inú ilé ni mo ti rí ìwé náà, tí mo sì béèrè. Ó gbé ife tíì síwájú mi. “Mu ún kó tó tutù,” ló wí.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, bàbá mi ní, “Ọjọ́ tí Sayrakan ìyàwó rẹ̀ kú nìyẹn. Ó ń gbé oúnjẹ àárọ̀ lọ fún un, yìnyín sì ya lulẹ̀ bò ó ní àfonífojì. Má tún bi í mọ́.”

Mi ò bi í mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n kọ sára òkúta sàréè Sayrakan pé wọ́n sin ín, mo sì ti rí iye yìnyín ọjọ́ kọkànlá nínú ìwé: sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógóje. Ẹni tó wọn yìnyín lọ́jọ́ tó sin ìyàwó rẹ̀, kí ló ṣe é lọ́jọ́ kẹsàn-án?

Ọdún mẹ́fà kọjá. Wọ́n ri irin kan mọ́ pápá náà tó ń ka yìnyín fúnra rẹ̀, Bàbá Turdakun sì sọ̀ kalẹ̀ wá gbé nítòsí wa, òun àti ikọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ará olú-ìlú ránṣẹ́ pé kí wọ́n da ìwé àtijọ́ kọ, kí àyè kankan má ṣófo: ohun tí wọ́n bá wọ̀n, kí wọ́n kọ ọ́, èyí tí wọn kò wọ̀n, kí wọ́n fa ìlà sí i. Èmi ni Bàbá Turdakun pè wá kọ ọ́, nítorí ìkọ̀wé mi hàn ketekete.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, a dé oṣù Kẹta ọdún tí Sayrakan kú. Mo gbé kálámù dúró.

“Kí ló dé?”

“Ọjọ́ kẹsàn-án ni, Bàbá. Ṣé kí n fa ìlà sí i?”

Ó gbé ọwọ́ lé ìwé náà.

“Má fà á. Mo wọ̀n ọ́n. Sayrakan ti dé etí okùn, ọmọ mi, burẹ́dì gbígbóná wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó fẹ́ gba àárín pápá kó lè yá. Mo pariwo pé, Sayrakan, má tẹ yìnyín mi, padà, gba ọ̀nà àfonífojì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, Ọkọ yìnyín, mo ti gbọ́. Ó sì padà. Òpó kẹta ni mò ń kà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró yìnyín tó ya lulẹ̀. Méjìdínlógóje ni. Pápá náà mọ́ tónítóní, kò sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan níbẹ̀. Ìyẹn ni mi ò lè kọ.”