Ojú Ìwé Mẹ́rin Tó Kún fún T

Bàbá Tín-Tíín ti kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú, lórí àga, pẹ̀lú ìwé ìròyìn lórí itan, iléeṣẹ́ tó sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sìn ti fi ojú ìwé mẹ́rin dágbére fún un. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo rẹ̀. T. T láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rí i lára pátákó ìkéde wọn lánàá, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́bẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mò ń sunkún o, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ríran.

Iṣẹ́ bàbá ni kó máa gba ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń fi Móòsì ránṣẹ́, kó sì máa tẹ èsì padà sí wọn. Ẹni tó ń ránṣẹ́ á máa fi ìka tẹ irin: títẹ̀ kúkúrú, tín, títẹ̀ gígùn, tíín. Tín kan ṣoṣo ni E, tíín kan ṣoṣo ni T, àkópọ̀ wọn ni ìyókù. Ó mọ́ ọn lára débi pé bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í bóyá iyọ̀ tó, ṣíbí ló fi ń dáhùn lára abọ́. Òun ló kó wáyà jọ, tó ṣe ẹ̀rọ kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tó ń gbọ́ títẹ̀ náà, tó sì ń kọ ọ́ jáde sórí bébà. Ọgbọ́n tó fi sí i ni pé ẹ̀rọ á kọ́kọ́ tẹ́tí sí bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń yá tàbí tó ń falẹ̀, kó tó pinnu èyí tó kúrú àti èyí tó gùn. Èmi akọ̀wé iléeṣẹ́ náà, tí tábìlì mi kángun sí tirẹ̀, bàbá kọ́ mi títí. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló gbà pé mo mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Ni ọ̀gá tuntun bá dé. Ó ní ìmẹ́lẹ́ ni kí ẹ̀rọ máa dúró wo ọwọ́ èèyàn. Ó pàṣẹ kí wọ́n yọ ọgbọ́n náà kúrò, kí gbogbo ọwọ́ máa yá bákan náà. Ta ló sọ fún un pé ìka dọ́gba? Ṣé tirẹ̀ dọ́gba ni? Bàbá kọ lẹ́tà mọ́kànlá láti bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n dá a lóhùn, wọ́n ní kó má ṣe kọ̀wé sí ẹ̀yìn bébà mọ́.

Nígbà yẹn, oríkèé ti ń dun bàbá, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń falẹ̀. Ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá ń ka gbogbo tín rẹ̀ sí tíín, ó sì ń ka tíín kọ̀ọ̀kan sí odidi lẹ́tà kan. T ni, T náà ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò mọ iṣẹ́ mọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Aránṣọ, sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, bí òun bá bi í léèrè iyọ̀, á kàn mi orí ni. Inú bí mi, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó kú, ọ̀gá ní òun fúnra òun lòun máa tẹ ọ̀rọ̀ ìdágbére, kó lè jẹ́ ẹ̀yẹ. Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fún wákàtí kan ààbọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ wà lórí ìdúró. Ẹ̀rọ ń pọ T jáde. Ẹnì kan dábàá pé kí àwọn kúkú fi bírò kọ ọ́. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Kí ló tún fẹ́ sọ? Bó bá gbà pé ẹ̀rọ ṣi ọwọ́ òun kà, ó gbà pé ó ṣi ti bàbá náà kà nìyẹn. Ni wọ́n bá kàn án mọ́ pátákó.

Mo bi Màmá Aránṣọ ohun tó fẹ́.

“Mi ò ní kí wọ́n ṣe ère fún un,” ló wí. “Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sínú fáìlì yẹn pé ọwọ́ ọkọ mi ò ṣàṣìṣe.”

Ọ̀gá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ tún fáìlì yẹn kọ. Ẹ dá ọgbọ́n bàbá padà sínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àga fún màmá, kẹ́ ẹ sì fi ìka yín kan náà tẹ ẹ̀bẹ̀ níṣojú rẹ̀, bó ti wù kó falẹ̀ tó. Ẹ̀rọ á dúró dè yín. Bàbá ṣe é kó lè dúró de irú yín.