Ọ̀sán Tí A Yẹ́ Màmá Oní-piánò Sí

Inú ṣì ń bí mi. Ọdún kan ti kọjá, síbẹ̀ bí mo bá rí Bàbá Ìjọ yẹn ní Ìkọ̀lé, òdìkejì títì ni mo ń gbà. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". "Wọ́n" kò wá sí mi lẹ́nu.

Nítorí ìyá tó kọ́ mi ní piánò ni. Ogún ọdún ni Màmá fi tẹ piánò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ àwa mẹ́ta ní orin jáàsì: èmi tí mo di nọ́ọ̀sì ní Ìdó, tíṣà kan ní Ọyẹ́ tó ń ta gìtá béèsì, àti àgbẹ̀ kòkó kan ní Ìpáò tó ń lu dírọ́ọ̀mù. Ní agbègbè wa, ẹni tí Màmá kò bá kọ́ ní piánò, ẹni tí wọ́n kọ́ ló kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Màmá fi jáàsì sínú orin ìdúpẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ jó. Bàbá Ìjọ dìde, ó pa ìdérí piánò dé. Díẹ̀ ló kù kó há Màmá lọ́wọ́.

"Orin ilé ọtí kọ́ la wá kọ níbí," ó ní. Ó gba kọ́kọ́rọ́ piánò lọ́wọ́ wọn níṣojú gbogbo ìjọ. Mo wà níbẹ̀. Mo dàgbà tó ẹni tó lè sọ̀rọ̀, n kò sì sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Màmá pé ọgọ́rin ọdún, àwa mẹ́ta pinnu láti fi orin tí wọ́n fúnra wọn ṣe yẹ́ wọn sí. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn nìkan ló ní piánò tó dáa, la bá tọrọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní Bàbá Ìjọ ni yóò ṣe alága.

Lọ́sàn-án Sátidé, Màmá jókòó níwájú. Alága gba máìkì.

"Àwa la rí ẹ̀bùn ìyá yìí," ó ní, "àwa la gbé e ró. Ṣọ́ọ̀ṣì yìí kò fìgbà kankan kọ̀ wọ́n sílẹ̀."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo dìde nídìí piánò.

"Irọ́ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ pa piánò dé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ sọ ìyẹn kún un."

Obìnrin kan ké pé, "Háà, àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀!" Bàbá Ìjọ gbé máìkì sílẹ̀, ó jáde.

Mo tẹ piánò ọ̀hún bí ẹni ń gún iyán. Béèsì ń sáré lé mi, dírọ́ọ̀mù ń sáré lé béèsì. Nígbà tí a parí, èrò hó yèè. Màmá kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi ìka pè mí.

"Kí ni piánò ṣe fún ọ? Ṣé òun ló lé mi?"

"Rárá, mà. Inú ló ń bí mi."

"Inú bí èmi náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni n kò fi tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ṣùgbọ́n orin mi lẹ ní ẹ fẹ́ lù, ariwo rẹ ni mo gbọ́. Ẹ tún un lù."

A tún un lù, jẹ́jẹ́. Àárín orin ni Màmá di ojú, tí ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí itan.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá kúnlẹ̀ bẹ Bàbá Ìjọ. Mo gbé e lọ fún Màmá. Wọ́n kà á tán, wọ́n dá a padà fún mi.

"Ṣé wàá lọ?"

"N kò lọ, mà."

"Ó dáa. Máa lọ sí ulé rẹ, kó o lọ jẹun."

Bàbá Ìjọ kò tíì bẹ Màmá. Èmi náà kò tíì kúnlẹ̀.