Ẹ̀rọ Ẹnu Ọ̀nà Kò Mọ Alátàǹpàkò

Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá dé láàárọ̀ á gbé àtàǹpàkò lé ojú gíláàsì tó wà lára rẹ̀, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ohùn obìnrin kan á ní, "Ẹ ṣeun." Tí kò bá dá èèyàn mọ̀, iná pupa ló máa tàn, ohùn yẹn kan náà á wá ní, "Ẹ tún un gbé." Kì í bú èèyàn. Ìyẹn gan-an ló ń dun Alátàǹpàkò.

Ní ọjọ́ Ajé tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó tún un gbé lẹ́ẹ̀mejìlá. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń kà á sókè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú pé ibí lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gba ìtẹ̀ka àwọn ará ìlú fún káàdì ìdánimọ̀. Òun ló ń di ọwọ́ wọn mú, tó ń tẹ àtàǹpàkò wọn mọ́ gíláàsì, tó ń sọ pé, "Ẹ dẹ ọwọ́, ẹ má le mọ́ mi." Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ó máa ń sọ pé ìdajì ìlú ló ti gba abẹ́ ọwọ́ òun kọjá. Ẹnikẹ́ni kò ka ìlú wò, ṣùgbọ́n kò jọ pé irọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó mọ ìka gbogbo ayé wá dúró níta bí àlejò, ẹ̀rọ ò mọ ìka tiẹ̀.

Alátàǹpàkò mọ ohun tó fà á. Kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni.

Nínú pálọ̀ rẹ̀, níbi tí tẹlifíṣàn wà tẹ́lẹ̀, àpótí gíláàsì kan ló wà níbẹ̀ báyìí, ó gùn tó ibùsùn ọmọdé, omi iyọ̀ sì kún un dé ọrùn. Aládùúgbò kan tó ń kó lọ sí ìlú míì ló fi í sílẹ̀ fún un lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, pẹ̀lú ẹja onílà funfun méjì, òdòdó òkun kan, àti iyùn kan ṣoṣo tí kò ju èékánná lọ. Kì í ṣe iyùn tí wọ́n ti lu ní ihò láti so sọ́rùn o. Iyùn ààyè ni, ẹranko tó ń jẹun, tó ń dàgbà, tó ń na ọwọ́ wínníwínní nínú omi. Òdòdó òkun náà, ẹranko ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí òdòdó ló ní: ẹnu kan láàárín, ìka rọ́bọ́rọ́bọ́ bí ọgọ́rùn-ún yí i ká.

Ìyá Alátàǹpàkò, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kò gbà. "Ẹranko tí kò ní ojú, tí kì í dún, tó wá ń jẹ iná mànàmáná ju firíìjì lọ," ni màmá máa ń wí. "Àyálégbé ni mo ń pè é. Kì í sì í sanwó."

Ohun tó gba Alátàǹpàkò lọ́kàn ni pé iyùn ṣeé pín. Èèyàn á fi ẹ̀mú gé ẹ̀ka kan lára rẹ̀, á kán gúlù sí ìdí ẹ̀ka náà, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta pẹlẹbẹ tó tó bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù, á gbé e padà sínú omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ka àti òkúta á ti di ọ̀kan, iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ìyá ò kú, ọmọ ò kú. Láti ara iyùn tó tó èékánná yẹn, ó ti rí ọmọ mọ́kànlélógójì, tí a bá gba ìwé tó ń kọ wọ́n sí gbọ́. Ó ń há wọn fún àwọn tó ní irú àpótí bẹ́ẹ̀, torí òfin kan wà láàárín wọn: iyùn tí o bá dá ní, ọjọ́ tó bá kú ló tán, èyí tí o bá pín, o lè lọ tọrọ ọmọ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ gígé. Gúlù yẹn sì ni ọ̀tá. Kì í bèèrè bóyá òkúta ni tàbí awọ èèyàn kó tó mú. Tí ìrọ̀lẹ́ bá fi máa lẹ́, àtàǹpàkò Alátàǹpàkò méjèèjì á ti máa dán bí àwo tánganran, gúlù kì í sì í bó tán kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rí. Ó lẹ ìbọ̀wọ́ mọ́ iyùn. Ṣóńṣó ìka ìbọ̀wọ́ náà ṣì wà nínú omi títí di òní, iyùn ti hù bò ó. Kí ẹ̀rọ tó dé, ìwé ni wọ́n ń buwọ́ lù láàárọ̀ níbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bìkítà bí ìka ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́ àwàdà lásán, àmọ́ àga olórí ẹ̀ka ìtẹ̀ka máa ṣófo ní òpin oṣù tó ń bọ̀, ọdún mẹ́fà sì ni Alátàǹpàkò ti ń wo àga yẹn bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Òfin tuntun ní ẹni tí ẹ̀rọ bá kọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lóṣù kan, a jẹ́ pé kò wá síbi iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́, wọn kò ní yẹ orúkọ rẹ̀ wò fún àga kankan.

Ọjọ́ Ajé kìíní, ẹ̀rọ kọ̀. Ìkejì, ó kọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Alátàǹpàkò ti fi omi tí ìyàwó rẹ̀ fi ń nu ọ̀dà èékánná fọ ọwọ́ títí awọ fi funfun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó búra pé òun ò ní fọwọ́ kan gúlù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìgbín òkun kan tó ń rìn nínú àpótí ti ẹ̀ka iyùn kan ṣubú. "Ẹyọ kan ṣoṣo ni," ló wí, ó sì mú gúlù. Ẹyọ kan ṣoṣo di mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ Ajé kẹta, ẹ̀rọ kọ̀, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sì ti wà lórí tábìlì rẹ̀ kó tó jókòó. Ẹ ṣàlàyé, láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, ìdí tí òṣìṣẹ́ ìtẹ̀ka kò fi ní ìtẹ̀ka.

Ó kọ èsì nílé. Ìyàwó rẹ̀, tó ń yẹ ìwé wò nílé ìtẹ̀wé, mú bíírò pupa.

"'Mo máa ń gé ẹranko sí wẹ́wẹ́ nínú pálọ̀ mi ní ọjọ́ Àìkú,'" ló kà sókè. Ó gbójú kúrò lórí ìwé. "Bàbá ọmọ mi, ṣé àlàyé nìyí àbí ẹ fẹ́ kí ọlọ́pàá wá?"

"Òótọ́ ni mo kọ."

"Òótọ́ ni. Ìyẹn ló fi burú."

"Kọ ọ́ pé ara ẹ ò yá," ni màmá wí láti orí àga rẹ̀.

"Màmá, irọ́ nìyẹn."

"Ara ta ló yá tó ń bá òkúta sọ̀rọ̀?"

Ó fi òótọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń ka ìwé lẹ́ẹ̀mejì kó tó lanu, ka ti Alátàǹpàkò lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mò ń kà?"

"Iyùn ni, mà."

"Iyùn tó ń jẹun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó fẹ́ràn edé lílọ̀."

Ọ̀gá yọ awò ojú. "Mo ti rí òṣìṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan. Mi ò tíì rí irú èyí. Ẹ gbé e wá."

Lọ́jọ́ kejì, Alátàǹpàkò gbé iyùn kan lé itan nínú bọ́ọ̀sì, nínú ike áísìkíriìmù tí omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Lórí tábìlì ọ̀gá, ó gé e, ó kán gúlù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Ìdajì ọ́fíìsì ti fi imú lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ.

"Ẹ tún un gbé," ni ẹ̀rọ wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí rẹ̀. Ó yíjú padà bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí. "Ẹ ò purọ́. Ohun tẹ́ ẹ wá fi hàn mí ni pé fúnra yín lẹ ń pa ìka yín rẹ́." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alátàǹpàkò. "Tí bíríkìlà bá wá sọ́dọ̀ yín, tí símẹ́ńtì ti jẹ ìka rẹ̀, kí lẹ máa ń sọ fún un?"

Ìdáhùn náà wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Alátàǹpàkò, láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn: ÀTÀǸPÀKÒ NÌKAN. BÍ KÒ BÁ HÀN, Ẹ LỌ SINMI ỌWỌ́ FÚN Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ.

"Mo máa ń ní kí wọ́n lọ sinmi ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mà."

"Ẹ lọ sinmi ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Títí ìgbà yẹn, ẹ máa buwọ́ lùwé lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́. Tí ẹ̀rọ bá tún wá kọ̀ yín, mo máa gbé orúkọ ẹlòmíì lọ fún àga yẹn."

Ọwọ́ tó ń sinmi kò mọ ibi tó máa gbé ara rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ Àìkú, Alátàǹpàkò jókòó lórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń pàṣẹ, ìyàwó rẹ̀ ń lẹ iyùn. Obìnrin náà dojú ọ̀kan délẹ̀, ó lẹ ìkejì mọ́ apá awò ojú ara rẹ̀.

"Orí ẹ̀ ló yẹ kó wà lókè."

"Èwo lorí lára ohun tí kò ní orí?"

Ìṣòro tó le jù ni òdòdó òkun. Ó ti fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ, ìka rẹ̀ sì ń ta àwọn iyùn tó wà nítòsí, wọ́n ń funfun lọ́kọ̀ọ̀kan bí irun àgbàlagbà. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e sí méjì, kí wọ́n sì gbé ìdajì kan lọ sí ìkángun kejì. Ẹni tó bá dì í mú fún abẹ, awọ àtàǹpàkò rẹ̀ á wú, á sì bó. Ìyàwó rẹ̀ ní gúlù lòun lè mú, òun ò mú abẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ìsinmi ọwọ́, iyùn mẹ́fà ti funfun, Alátàǹpàkò sì ń wo àpótí bí ẹni tí òjò ń pa aṣọ rẹ̀ níta tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́.

"Ìka mélòó ni mo bí mọ́ ọ lọ́wọ́?" ni màmá bèèrè.

"Mẹ́wàá, Màmá."

"Ẹ̀rọ yẹn, ṣé àtàǹpàkò nìkan ló ń jẹ?"

"Ìlànà ọ́fíìsì ni, Màmá, òun náà ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Àtàǹpàkò ni."

"Ta ló ṣe ìlànà?"

Alátàǹpàkò wo òdòdó òkun. Òdòdó òkun ò ní ojú tó lè fi wò ó padà.

"Ta ló ṣe é?" Ìyàwó rẹ̀ náà bèèrè, ó sì mọ̀ dáadáa. Bíírò pupa rẹ̀ ló kọjá lára ìwé ara ògiri tí ọkọ rẹ̀ kọ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ọ̀gá. Ó ní òun fẹ́ kí ẹ̀rọ gba ọmọńdinrín òun, ìka tó kéré jù, tí kì í bá gúlù da nǹkan pọ̀.

"Ìlànà yín ńkọ́?"

"Mo fẹ́ yí i padà, mà."

"Fún ara yín?"

Ì bá rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tilẹ̀ la ẹnu. Àmọ́ ó ṣèèṣì wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan: ọjọ́ mẹ́wàá péré ló ti sinmi, ó sì ti sú u. Bíríkìlà ò ní ìyàwó tó máa bá a lé bíríkì.

"Fún gbogbo èèyàn, mà."

"Ẹ kọ ọ́," ni ọ̀gá wí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ṣì wà níbẹ̀ o: tí ẹ̀rọ bá kọ̀ yín lọ́jọ́ Ajé, orúkọ ẹlòmíì ni mo máa gbé lọ."

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ̀ fi rọ́bà we ọmọńdinrín rẹ̀ bí ẹni we ìkókó. Alátàǹpàkò ki ọwọ́ bọ omi, ìka kan nà sókè bí ìka ẹni tó ń mu tíì lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ńlá.

"Ẹ gbé e sókè," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí. "Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé e sókè."

Àárín ẹnu gan-an ni abẹ gbọ́dọ̀ gbà, torí ìdajì tí kò bá mú lára ẹnu dání, ó kú nìyẹn. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì méjèèjì ká jọ bí aṣọ tí wọ́n fún. Màmá ní ó ti pa á.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀ṣọ́ ti kó àwọn èèyàn jọ láti bá a kà. Ó gbé ọmọńdinrín, tí wọ́n ti gba ìtẹ̀ka rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, lé e. Iná pupa tàn. "Ẹ tún un gbé." Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó nu ìka náà mọ́ ṣòkòtò, ó tún un gbé.

"Ẹ ṣeun."

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré," ni ẹ̀ṣọ́ wí, ó sì jọ pé kò dùn mọ́ ọn.

Ìwé tuntun ti wà lára ògiri, ìròyìn sì ti ta. Ìlà tó tò síwájú tábìlì Alátàǹpàkò dé ojú títì. Alágbàfọ̀ kan ló kọ́kọ́ jókòó, ìka rẹ̀ yọ̀ bí òkúta inú odò.

"Ìka wo lẹ kì í fi ṣiṣẹ́, mà?"

"Ìka wo ló ń jẹun tí kì í ṣiṣẹ́?"

Wọ́n dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkeje ló gbà.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi sinmi ọwọ́ fún yín," ni obìnrin náà wí bó ṣe ń dìde.

"Ẹ má bínú, mà."

Ní Ọjọ́bọ̀, ìwé àga dé. Bóyá nítorí ìlànà tuntun ni, bóyá nítorí pé kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ ìlà tó gùn tóyẹn, ọ̀gá ò sọ. Alátàǹpàkò gbé e wálé, ó nà án sókè lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ìyàwó rẹ̀ àti màmá ti dojú kọ àpótí gíláàsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ìdajì méjèèjì ti na ìka, ọ̀kan ní ìkángun yìí, ọ̀kan ní ìkángun ọ̀hún, ẹnu kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹnu méjì," ni màmá wí láìyíjú. "Ó dáa. Ta ló máa bọ́ ìkejì?"