Fóònù Tó Dojú Kọ Télọ̀ Mùktárù

Télọ̀ ni Mùktárù ní Muṣin kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Yàrá kan àti maṣíìnì ìránṣọ kan ló kù tó lè pè ní tirẹ̀. Haleemah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Yaba. Bàbá ní òun ò lọ.

"Ó dáa," ni Haleemah wí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara pa lẹ́ẹ̀kan péré, Bàbá, Yaba yá nìyẹn."

Níbi iṣẹ́ Haleemah, wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa wo yàrá, táá sì máa sọ fún afọ́jú ibi tí nǹkan wà. Ó gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ kọ́ sára ògiri, ó dojú rẹ̀ kọ àga bàbá. Bí bàbá bá bèèrè búta àlùwàlá, fóònù á ní, "Ó wà lórí tábìlì, lápá ọ̀tún." Bàbá á na ọ̀tún, kò ní bá nǹkan kan.

Kò pẹ́ tó fi yé e. Oníbàárà tó dúró kọjú sí télọ̀ kó lè wọ̀n ọ́n, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì télọ̀.

"Ìwọ yìí, ara rẹ nìkan lo mọ̀," ó wí fún fóònù, ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bó bá pe ọ̀tún, òsì ni bàbá ń nà. Ó ń ṣe àlùwàlá, ó ń se tíì, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Haleemah gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan pé fóònù ń ṣì í pè. Kò bi bàbá léèrè bó ṣe ń rí i ṣe. Ó tún un ṣe, kó máa pe ọ̀tún àti òsì ẹni tó jókòó. Kò sì sọ. Ta ló ń sọ fún àgbà mọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wòran iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bàbá bèèrè búta.

"Lápá òsì."

Bàbá na ọ̀tún, ó gbé ọwọ́ lé sítóòfù tó fi ń se tíì, tó ń jó lọ́wọ́.

"Òsì ló pè, Bàbá! Kí lẹ wá ń na ọ̀tún fún? Ọpọlọ yín ti ń lọ!"

"Haleemah, fóònù yẹn dojú kọ mí ni. Bí oníbàárà..."

"Oníbàárà wo? Láyé ìgbà wo?"

Haleemah di ẹrù bàbá. Inú mọ́tò kò gba maṣíìnì, ó kù sí Muṣin.

Ní Yaba, fóònù ò ṣì í pè mọ́. Bó bá ní omi wà lósì, òsì náà ló wà. Nírọ̀lẹ́, bàbá bèèrè maṣíìnì rẹ̀.

"Mi ò rí maṣíìnì kankan níbí," ni fóònù wí.

Bàbá na òsì. Ó tún na ọ̀tún.