Aṣọ Tó Gbé Iye Rẹ̀ Kọ́rùn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ń rí lára, ẹ lọ sí Ọjà Ọba ní ìlú Benin, kí ẹ béèrè Ọláfúnkẹ́, Ìyá Moyọ̀, ará Ọ̀wọ̀ tó ń ta aṣọ níbẹ̀ láti ọdún 1991. Àtẹ rẹ̀ kò ju ìbú ẹní méjì lọ. Òjò ń jò sí i, ẹrẹ̀ ń wọlé bá a, eku sì ti jẹ léèsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń tajà níbòmíràn, ẹ ó rò pé ààfin ló jókòó sí.

Ó ní àwọn tó ń tajà nínú kíóòsì lójú ọ̀nà Siluko, tí wọ́n fi wáyà dí ojú ara wọn, ẹyẹ inú àgò ni wọ́n. "Ẹni tó ń bẹ̀rù oníbàárà, kí ló ń tajà sí?" Àwọn tó ń ti bárò kiri ńkọ́? Bí aṣọ tí o rà lọ́wọ́ wọn lónìí bá ya lọ́la, ibo lo ti fẹ́ rí wọn? Súpámákẹ́ẹ̀tì ló wá kórìíra jù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ ọ̀kan. Wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ọjà, ó tò sórí ìlà. Ọmọbìnrin kan tí kò wo ojú rẹ̀ gba owó, kò dín kọ́bọ̀, kò fi èènì kankan sí i. Nígbà tó sì ń jáde, ọkùnrin kan tún yẹ ọjà rẹ̀ wò. "Mo sanwó tán, wọ́n tún ń wò mí bí olè! Kí ni wọ́n fi sàn ju ọjà lọ? Afẹ́fẹ́ tútù?" Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Lójú tirẹ̀, ojú lọ̀rọ̀ wà. Yóò pe aṣọ ní ìlọ́po méjì, ìwọ náà yóò dá iye tó wù ọ́, ẹ ó jà, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó pàdé láàárín, yóò sì fi èènì sí i. Ta ló wá rẹ́ ta jẹ níbẹ̀? Ẹni tó bá san iye àkọ́kọ́ láìná an, òpè ni. Bí irú wọn bá ti kẹ̀yìn báyìí, òun àti Ìdòwú tí àtẹ wọn kángun síra á bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá bú wọn, wọn á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Àwọn ọmọ ìlú yìí, ta ló fẹ́ gbọ́ Yorùbá nínú wọn?

Ṣùgbọ́n orúnkún ti ń dun Ọláfúnkẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé ni kí Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ kan tó bí, gba àtẹ náà kí wọ́n má baà fi í fún àjèjì. Moyọ̀sọ́rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ tó fi owó aṣọ rán lọ sí yunifásítì gba yàrá kan ní Ekosodin, ó fi gíláàsì ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń ta ẹ̀wù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì so bébà pélébé tó kọ iye owó sí mọ́ ọrùn ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan.

"Aṣọ tó gbé iye rẹ̀ kọ́rùn bí ẹlẹ́wọ̀n!" ni ìyá rẹ̀ wí, ó pòṣé.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí di ọdún 2012. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà sú Moyọ̀sọ́rẹ, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi í dáhùn. "Màmá, I dey sell five gown everyday. Come stay my shop one day, sell am your own way. If you pass five, I go lock this place, follow you go Oba Market."

Ọjọ́ Sátidé ni Ọláfúnkẹ́ dé. Moyọ̀sọ́rẹ kò tíì rìn jìnnà tí ìyá rẹ̀ fi mú sísọ́ọ̀sì, tó gé gbogbo bébà náà, tó dà wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe èrò.

Àwọn ọmọ náà ń wọlé, wọ́n ń béèrè iye. Ẹ̀wù tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, ó ń pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó sì ń dúró kí ìjà dídùn bẹ̀rẹ̀. "Okay, ma," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń jáde lọ. Ó lé ọ̀kan dé títì: "Price am now!" Ọmọ náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọláfúnkẹ́ fi ojú àbùkù wò ó lọ. Ìwé ni wọ́n kọ́ yìí? Àwọn tí kò lè la ẹnu ná ẹ̀wù, ṣé àwọn ló fẹ́ di adájọ́ lọ́la? Títí di ọ̀sán, ẹ̀wù méjì péré ló tà.

Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì ojú wọlé. "Ẹ káàsán, mà," ló wí, ó bọ́ sí Pidgin lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀wù mẹ́rin ló fẹ́, òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ọláfúnkẹ́ pè é ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ọmọ náà ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó kó owó náà jáde, ó pé.

Méjì àti mẹ́rin, mẹ́fà nìyẹn. Àtẹ ti bọ́ sọ́wọ́ Moyọ̀sọ́rẹ! Inú Ìyá Moyọ̀ dùn débi pé ó fẹ́ yẹ ọmọ náà sí. "You no go price am?" ló bi í, ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"I no sabi price, Mummy. Na why I dey buy for here. Last month I go Oba Market go buy wrapper for my mama, that blue one wey get maize leaf. I pay wetin the woman talk. As I turn back, she and her friend dey laugh me. Dem say I be òpè, say who born me no get sense." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Dem no know say my papa na Ìjẹ̀bú man. I hear everything. I cry reach house."

Ọláfúnkẹ́ mọ aṣọ aláwọ̀ búlúù eléwé àgbàdo náà. Nínú gbogbo Ọjà Ọba, òun nìkan ló ní in. Ó wo ojú ọmọ náà bóyá ó dá òun mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ni ọmọ náà ń ká sínú ọ̀rá. Ìtìjú bò ó dé ẹsẹ̀. Ó ka ìdajì owó náà, ó tì í sọ́wọ́ ọmọ náà padà.

"Ah, Mummy, wetin be this?"

"Èènì ni," Ọláfúnkẹ́ fi Yorùbá dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Moyọ̀sọ́rẹ dé, ó wo orí wáyà tí wọ́n ń fi ẹ̀wù kọ́, ó rí i pé ẹ̀wù mẹ́fà ti lọ. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "You don win, Màmá. On Monday I go carry my load come market."

Ìyá rẹ̀ pòṣé. "Láti wá ṣe kí ni? Kí o wá jókòó ti Ìdòwú, kí ẹ jọ máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́? Dúró síbí, nínú ilé gíláàsì lásánlàsàn tí kò ní èènì. Bá mi wá òwú àti abẹ́rẹ́." Ó da garawa ìdọ̀tí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn bébà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń nu eruku ara wọn.

"Who Àńtí Ìdòwú dey laugh?" ni Moyọ̀sọ́rẹ béèrè.

Ọláfúnkẹ́ na òwú sí ihò abẹ́rẹ́, kò wọlé, ó tún na án.