Ìgúánà Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Oníyìnyín Lọ́rùn

Iṣẹ́ tútù ni obìnrin yìí ń ṣe, inú gbígbóná ló sì ń gbé kiri. Fíríìjì àti fírísà ló ń tún ṣe, iṣẹ́ tó kọ́ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ kí ọkọ náà tó kú, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Oníyìnyín. Bí ènìyàn bá gbé fíríìjì tó ti fi ọ̀bẹ gún inú rẹ̀ wá, níbi tó ti ń họ yìnyín, kí onítọ̀hún yáa múra, nítorí kí ọwọ́ Oníyìnyín tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ á ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. "Ta ló ní kó o fi ọ̀bẹ họ ọ́? Ṣé iṣu ni?" Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a bẹ̀ ẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó o.

Ṣùgbọ́n ìbínú ọ̀bẹ àti yìnyín, ìbínú orí ahọ́n lásán ni. Èyí tó wọ egungun, àbúrò rẹ̀ ló gbé e wá, nínú páálí tí wọ́n dá ihò sí lára.

Àbúrò yìí ni ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Fídíò ló ń ṣe sórí fóònù, Gbajúmọ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí á jẹ ogún ata lójú ayé, lọ́la á wọ aṣọ òtútù dúró sínú oòrùn ọ̀sán. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó gbé páálí náà ka orí irin fíríìjì kan tí wọ́n tú sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi tọ́jú èyí. Ọjọ́ mẹ́ta péré."

Oníyìnyín ṣí páálí. Ẹran kan gbójú sókè wò ó. Ó dà bí alángbá, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tútù ló ní, ìrù rẹ̀ gùn tó ìlọ́po méjì ara rẹ̀, awọ kan sì rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí ti tòlótòló.

"Kí lèyí?"

"Ìgúánà ni. Ọmọdé ṣì ni. Ẹni tó tà á fún mi ní kì í tóbi ju báyìí lọ. Búrẹ́dì àti ẹyin ló ń jẹ."

"Ta ló ní kó o rà á?"

"Àwọn tó ń wò mí fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn ló wo fídíò rẹ̀ kan ṣoṣo."

"Nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn, kò sí ẹyọ kan tó lè bá ẹ tọ́jú rẹ̀?"

Gbajúmọ̀ rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rí ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀, ó ti wà lórí alùpùpù. Ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan di oṣù.

Ó bí Oníyìnyín nínú, ṣùgbọ́n kò yà á lẹ́nu. Ajá tí Gbajúmọ̀ mú wálé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, Oníyìnyín ló ń wẹ̀ ẹ́ títí ajá fi kú. Kẹ̀kẹ́ tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó sì kán mọ́ ọn nídìí, Oníyìnyín ló lọ bẹ̀bẹ̀. Bó bá ráhùn, ìyá wọn á ní, "Ìwọ lo dàgbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Òwe náà ti sú u. Lójú tirẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí òun ti ń tún orí ọmọ tuntun yìí ṣe, orí náà ṣì wọ́ síbẹ̀.

Ẹran kò jẹ búrẹ́dì. Kò wo ẹyin lójú. Ó ki orí bọ kọ̀rọ̀ páálí, àwọ̀ ara rẹ̀ sì ń ṣú lọ bí ewé tí wọ́n ti já láti àná. Nígbà tí Oníyìnyín na ọwọ́ láti gbé e, ìrù náà fò, ó bà á lọ́rùn ọwọ́ bíi pàṣán.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Èmi tí mò ń bọ́ ẹ lo ń nà! O jọ ẹni tó ni ẹ́."

Ó pe Gbajúmọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò gbé e. Ó wá wo orí fóònù, ó sì rí àbúrò rẹ̀ létí omi kan, nínú ṣòkòtò péńpé, tó ń yín eyín sí gbogbo ayé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún tí ẹran náà dé, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ bá ẹni tó ta ẹran náà, torí wọ́n ti lẹ àdírẹ́sì ilé ìtajà mọ́ ara páálí. Ibẹ̀ há bí ìgò. Àgò gun orí àgò, omi inú gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja ti dúdú, òórùn rẹ̀ sì ń gbá ènìyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan jókòó, ó ń bó ẹ̀pà.

"Ẹran tẹ́ ẹ tà fún àbúrò mi ò jẹun."

"Á jẹ tí ebi bá pa á."

"Ó di ọjọ́ karùn-ún lónìí."

"Ẹ fún un lẹ́ran lílọ̀."

"Búrẹ́dì lẹ ní kí wọ́n fún un."

"Ìyẹn náà dáa." Kò gbójú kúrò lára ẹ̀pà rẹ̀. "Tó bá kú, ẹ padà wá mú òmíràn. Mo ṣì ní mẹ́rin lẹ́yìn."

Oníyìnyín wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Mẹ́rin wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú báàkẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n gorí ara wọn bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ fọ̀. Ara rẹ̀ gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, èyí tó sì burú ju ariwo rẹ̀ lọ.

"Fíríìjì ni mò ń tún ṣe. Irin ni, kò lẹ́mìí. Síbẹ̀, bó bá kú sí mi lọ́wọ́, ojú á tì mí láti sọ fún oníbàárà pé kó lọ wá òmíràn. Ìwọ tó ń ta ohun ẹlẹ́mìí, ẹ̀pà lo wà ńbẹ̀ tó ò ń bó."

Ó gbá ilẹ̀kùn débi pé gbogbo ẹyẹ inú ilé ìtajà náà han lẹ́ẹ̀kan náà.

Dókítà ẹran kan wà tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú fíríìjì tí Oníyìnyín ń bá a mójú tó. Òun ló gbé ẹran náà lọ bá lọ́jọ́ kejì. Dókítà la ẹnu ẹran, ó tẹ egungun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ewé ló ń jẹ. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹyin, kì í jẹ búrẹ́dì. Tó bá sì dàgbà, ó lè gùn tó yín."

"Wọ́n ní kì í tóbi."

"Irọ́ ni wọ́n pa. Ebi nìkan kọ́ ló sì ń ṣe é. Òtútù ń mú un. Ara rẹ̀ ò lè dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí kò bá yá oòrùn tàbí iná, oúnjẹ ò ní dà nínú rẹ̀."

Èyí yé Oníyìnyín ju bó ṣe lè yé ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀rọ̀ ooru àti òtútù, òun náà ló fi ń jẹun. Ó rántí irin tútù tí Gbajúmọ̀ gbé páálí kà.

Fíríìjì onígíláàsì kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbé mọ́. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó fi àwọ̀n irin dí ojú rẹ̀, ó lu ihò sí i lókè nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀. Ó fi ẹ̀ka igi dábùú inú rẹ̀, ó gbé gílóòbù iná sókè níbi tí ẹran kò ti ní lè sún mọ́ ọn jù, ó sì so tẹ̀mómítà tó fi ń wo òtútù fíríìjì mọ́ ẹ̀ka náà. Láràárọ̀ ló ń gbé ẹran síta nínú àgò onáwọ̀n, torí dókítà ní oòrùn tó bá gba inú gíláàsì kọjá kò ṣe egungun rẹ̀ láǹfààní.

"Fíríìjì tó ń móoru!" ni fọganáísà òdìkejì títì pariwo. "Oníyìnyín, ayé yín ti yí padà."

"Temi yí. Ti àbúrò mi ni kò yí."

Ewé elégédé ló ń gé fún un, wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé. Ó ń rin elégédé fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, á fi ìbẹ́pẹ díẹ̀ sí i, á wọ́n omi sí gbogbo rẹ̀ lórí. Bí ọ̀bẹ ṣe ń dún lórí pákó láàárọ̀, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ọrùn ènìyàn ló wà níbẹ̀.

Oúnjẹ wọlé lọ́jọ́ kẹta. Ìyẹn rọrùn. Ọwọ́ ènìyàn ni ẹran náà kò fẹ́ rí. Dókítà ti kìlọ̀ fún un: "Ẹ má gba òkè na ọwọ́ sí i o. Òkè ni àṣá ti ń wá. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, kó máa rí yín, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan."

Kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan! Obìnrin tí kò jókòó rí láyé rẹ̀. Ní ọ̀sán ọ̀sán, tó bá ti pa gbogbo ẹ̀rọ, á fa àpótí sídìí fíríìjì náà, á gbé ọwọ́ lé ẹ̀ka igi. Bó bá pariwo mọ́ ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà pẹ́nrẹ́n, ẹran á na awọ àgbọ̀n, á fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí i, ìrù á ti múra ìjà. Oníyìnyín wá rí i pé òun ò lè bínú sókè níbẹ̀. Ó bá gbé ìbínú náà wálẹ̀. Ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ọ̀lẹ ni àbúrò mi. Màmá mi ló bà á jẹ́. Ẹni tó tà ẹ́, tí mo bá tún rí i, màá fún un ní báàkẹ́ẹ̀tì kó jókòó sínú rẹ̀."

Ẹran á di ojú kan, á la ìkejì, á máa gbọ́ ẹjọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó mú òdòdó pupa kan láti ara ọgbà fọganáísà wá, ó sì mú un dání láàárín ìka méjì. Ẹran náà wò ó títí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó gbé èkejì. Ahọ́n rẹ̀ kan orí ìka Oníyìnyín, ó tutù, ó fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ló já òdòdó gbà, ó sì ń jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Oníyìnyín kò mira. Omi gba ojú rẹ̀, ìbínú sì tẹ̀ lé omi náà lójú ẹsẹ̀. Àṣé ohun tó gbà kò ju báyìí lọ? Ewé, ooru díẹ̀, ọwọ́ tí kì í gbáni mú. Ẹni méjì ti ní ẹran yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ òun, kò sí èyí tó fún un ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kó tó pé oṣù méjì, ẹran ti ń gun apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni. Oníbàárà kan ya àwòrán wọn, ó sì gbé e sórí fóònù fún gbogbo ayé wò. Kò pé ọjọ́ méjì tí ìyá Oníyìnyín pè.

"Mo gbọ́ pé ẹran àbúrò rẹ ti ń jẹun. Ó ń bọ̀ wá mú un lọ́la. Má bá a jà o."

"Màmá, ẹ ò béèrè bí mo ṣe wà."

"Ṣé ara ò le ni?"

"Ara le."

"Ẹn, ó dáa nígbà yẹn. Má bá a jà."

Nígbà tí Gbajúmọ̀ dé lọ́jọ́ kejì, kò gbé páálí dání. Iná tí wọ́n fi ń ya fídíò àti awò dúdú ló gbé wá. Ó ti ń bá fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi!"

"Dúró," ni Oníyìnyín wí. "Jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ọwọ́ rẹ. Má gba òkè."

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo rà á."

Ó ṣí àwọ̀n, ó gba òkè na ọwọ́. Ọ̀gbẹ́ni sá, Gbajúmọ̀ gbá ìrù mú, ó sì fà á. Nǹkan kan dún bí igi gbígbẹ. Ìrù náà já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó ń jà fúnra rẹ̀ bí ejò tí kò lórí. Gbajúmọ̀ ké, ó fò sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló yí ojú fóònù sí ìrù tó ń jà.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo nǹkan!"

Oníyìnyín gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí fírísà tó ń dán wò lọ́wọ́, ó jù ú síbẹ̀, ó dé e, ó sì jókòó lé ọmọrí rẹ̀.

"Fóònù mi! Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù á bà á jẹ́!"

"O mọ̀ pé òtútù ń ba nǹkan jẹ́? Ìgbà wo lo mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ tó o gbé ohun ẹlẹ́mìí sórí irin tútù, o ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ń bínú! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú, ẹ kàn ń pè é ní ìwà ni, ìwọ àti Màmá. Gbogbo ohun tó o bá jù sílẹ̀, èmi ni mò ń ṣà á. Wọ́n ní mo dàgbà. Mo dàgbà, ó ti rẹ àgbà. Ẹran yìí kì í ṣe tìẹ mọ́. Tó o bá fẹ́ fídíò, ya ìyà tó ń jẹ ìwọ fúnra rẹ."

Gbajúmọ̀ jókòó sílẹ̀. Ìrù náà ti dákẹ́ níwájú rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ó lè já."

"O ò béèrè."

Oníyìnyín mọ̀ pé òótọ́ ni Gbajúmọ̀ sọ, òótọ́ náà ló sì dùn ún jù. Ó dìde, ó yọ fóònù, ó fi lé e lọ́wọ́. Gbajúmọ̀ jáde láìwẹ̀yìn.

Nírọ̀lẹ́, ìyá wọn pè, ó ti ń bú u kó tó kí i. Oníyìnyín jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Màmá," ló wá wí, "ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ náà tí orí rẹ̀ fi wọ́. Èmi ò tún un ṣe mọ́." Ìyá já fóònù. Odidi oṣù kan ni kò fi pè, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù náà sì dun Oníyìnyín, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ jáde.

Dókítà fọ ojú ọgbẹ́, ó ní ìrù á padà hù, ṣùgbọ́n kò ní gùn tó ti tẹ́lẹ̀, á sì dúdú. Ọ̀gbẹ́ni ní tirẹ̀ sá sẹ́yìn ẹ̀ka. Bí ọwọ́ bá yọ báyìí, á na awọ àgbọ̀n. Iṣẹ́ oṣù méjì, ìṣẹ́jú kan ló kó o lọ. Oníyìnyín gbé àpótí rẹ̀ padà sídìí fíríìjì, ó tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, èébú rẹ̀ sì ti kún sí i. Òun àti dókítà kọ ìwé ẹ̀sùn nípa ilé ìtajà ọjọ́sí lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ilé ìtajà ṣì ṣí.

Ó gbà ju oṣù méjì àkọ́kọ́ lọ kí Ọ̀gbẹ́ni tó tún gun apá rẹ̀. Nísinsìnyí, èjìká rẹ̀ ló ń jókòó sí bó bá ń kọ orúkọ oníbàárà.

"Màmá, ṣé kì í jáni?" ni ọkùnrin kan béèrè láti òkèèrè.

"Kì í jáni. Èmi ni mo máa ń jáni."

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Gbajúmọ̀ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti hù?" Oníyìnyín á kà á, á pa fóònù dé. Ní oṣù kẹrin tí ìrù náà já, ó ka ìkan, ó wo kùkùté dúdú tó ń gùn lẹ́yìn Ọ̀gbẹ́ni, ó sì fi ìka kan tẹ èsì: "Díẹ̀." Kò fi nǹkan kan kún un. Ó lọ gé elégédé.